Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Kò Jẹ̀bi Àtọ̀gbẹ Oyún

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn aláboyún ní ilẹ̀ Afìjìó, ó sì ti tó àkókò kí ẹnì kan dìde kó ta kò ó. Ní Akinmọ̀ọ́rìn, ní Ìlọrà, títí dé Fìdítì, wọ́n ń sọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ń pín fún aláboyún ló ń kó àtọ̀gbẹ bá wọn. Wọ́n ní oògùn náà ń sọ ọmọ di ràbàtà nínú ìyá rẹ̀, bí ọmọ bá sì ti di ràbàtà, kò ní lè gba ojú ara jáde mọ́, abẹ ló kù. Ìyá ọkọ ń sọ bẹ́ẹ̀, ìyá àbíyè ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kàwé pàápàá ti wá ń fi kún un pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lókè òkun ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ṣúgà aláboyún sókè. Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé aláboyún á gba oògùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, á dúpẹ́, á dì í sétí aṣọ, ibẹ̀ ni yóò sì parí sí. Bí ẹ bá bi í pé kí ló wá ń lò kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pé, á dá yín lóhùn pé mọ́ọ̀tì àti mílíìkì.

Èmi kò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ̀sùn èké ni wọ́n fi kan oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ̀sùn náà sì ń pa àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ gan-an ló yẹ ká gbé lọ síwájú adájọ́.

Ṣùgbọ́n bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Òótọ́ ni pé irin tó bá pọ̀ jù lára ń ṣe ìjàǹbá. Ara wa kò ní ọ̀nà tó ń gbà da irin tó ṣẹ́ kù nù bó ṣe ń da omi àti iyọ̀ nù. Ṣe ló ń kó o pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Àwọn èèyàn kan wà, àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n bí àìsàn kan mọ́ tó ń jẹ́ kí ara wọn máa gba irin ní àgbàjù. Bó bá pẹ́, irin náà á ba ẹ̀yà ara tó ń pèsè ínsúlíìnì jẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ àtọ̀gbẹ. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníwádìí ti ń ronú pé ó ṣeé ṣe kí irin máa ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún aláboyún. Wọ́n wọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ferritin, èyí tí wọ́n fi ń mọ iye irin tí ara kó pamọ́, wọ́n sì rí i pé àwọn aláboyún tí tiwọn ga ni àtọ̀gbẹ ń mú jù.

Ohun tí àwọn tó ń tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ kì í sọ ni pé irin nìkan kọ́ ló ń gbé ferritin sókè. Bí àìsàn bá wà lára, á gòkè. Bí ọ̀rá bá pọ̀ lára, á gòkè. Ọ̀rá tó pọ̀ lára yìí kan náà sì wà lára ohun tó ń fa àtọ̀gbẹ oyún. Nítorí náà, bí a bá rí ferritin tó ga lára obìnrin tó sanra tó sì ní àtọ̀gbẹ, a ò tíì lè tọ́ka sí oògùn kankan pé òun ló ṣe é.

Ìwádìí tí wọ́n fẹ́ràn láti máa dárúkọ jù ni èyí tí wọ́n ṣe lórí àwọn nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní ọdún 2011. Obìnrin 13,475 tó lóyún láàárín 1991 sí 2001 ni wọ́n yẹ̀ wò, àtọ̀gbẹ oyún sì mú 867 nínú wọn. Àwọn tó ń jẹ irin inú ẹran jù kí wọ́n tó lóyún ni ó mú jù. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn wa kà dé tí wọ́n fi pa ìwé dé. Ká ní wọ́n kà á síwájú ni, wọn ì bá rí i pé ìwádìí kan náà sọ pé irin inú oògùn kò ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kò ní. Ẹran ni wọ́n bá wí. Ta ni nínú wa tó ń jẹ ẹran bí àwọn obìnrin yẹn ṣe ń jẹ ẹ́? Ẹran tí aláboyún ń rí nínú ọbẹ̀ ní Akinmọ̀ọ́rìn sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan, àwọn ọmọ á sì tún wò ó lójú títí yóò fi já a fún wọn.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń mọ òdodo irú ọ̀rọ̀ báyìí, kì í sì í ṣe ká máa wo ẹni tó jẹ ẹran àti ẹni tí kò jẹ ẹran. Wọ́n á pín àwọn aláboyún sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú, bí ìgbà tí a bá ń ṣẹ́ gègé. Wọ́n á fún apá kan ní irin, wọ́n á fún apá kejì ní hóró tó jọ ọ́ lójú àti lẹ́nu ṣùgbọ́n tí kò sí irin nínú rẹ̀, kò sì sí aláboyún tí yóò mọ èyí tí òun ń gbé mì. Olówó á wà lápá méjèèjì, òtòṣì á wà níbẹ̀, ẹni tó sanra àti ẹni tó tín-ín-rín á wà níbẹ̀. Bí irin bá ń fa àtọ̀gbẹ, apá tó ń jẹ irin ni yóò ti fara hàn.

Wọ́n ti ṣe èyí, ní Hong Kong. Dókítà Terence Lao wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fura sí irin. Ní ọdún 2002 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ síta pé àwọn aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ ló ń ní àtọ̀gbẹ oyún jù. Kò fi mọ ní ìfura. Orúkọ rẹ̀ tún wà lára àwọn tó gbé ìdánwò náà jáde ní 2009. Aláboyún 1,164 ni wọ́n kó jọ nígbà tí oyún wọn kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Apá kan ń gba irin mílígíráàmù 60 lójoojúmọ́, apá kejì ń gba hóró lásán. Nígbà tí oyún di ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n, wọ́n wọn ṣúgà gbogbo wọn. Kò sí ìyàtọ̀. Iye àwọn tó ní àtọ̀gbẹ lápá kìn-ín-ní àti lápá kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyàtọ̀ tí wọ́n rí wà lára àwọn ọmọ: àwọn tí wọ́n bí ní kíkékeré ju bó ti yẹ lọ kò pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó jẹ irin. Ní Finland pẹ̀lú, wọ́n padà lọ wo àkọsílẹ̀ ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní 1985 sí 1986, níbi tí aláboyún tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ti kópa, tí apá kan sì ń gba irin mílígíráàmù 100 lójúmọ́. Ibẹ̀ náà, irin kò dá àtọ̀gbẹ sílẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ fura ti lọ wádìí, ó sì ti mú èsì wá. Kí ló dé tí àwa ṣì ń sọ ìfura rẹ̀ kiri, tí a kò sọ èsì rẹ̀?

Ó ń dùn mí púpọ̀ nítorí pé ìlú tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ lára obìnrin kọ́ ni à ń gbé. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí iye èèyàn àti ìlera ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún aláboyún ní Nàìjíríà, mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ẹ jẹ́ kí iye yẹn yé yín. Bí aláboyún mẹ́wàá bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọjọ́ ìtọ́jú oyún, ẹ̀jẹ̀ mẹ́fà nínú wọn kò pé. Ibà wà níbẹ̀, aràn wà níbẹ̀, oúnjẹ tí kò ṣara lóore wà níbẹ̀, oyún tó ń lé oyún náà sì wà níbẹ̀, kí ara ìyá tó ráyè kó ohun tó pàdánù sí ti àkọ́kọ́ jọ. Ìlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fà ni pé hẹmoglóbíìnì inú ẹ̀jẹ̀ aláboyún kò gbọdọ̀ dín sí giráàmù 11 nínú dẹ́sílítà kan, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 33 mu nínú PCV, òǹkà tí ilé ìwòsàn fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pé tó. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn mọ̀ pé aláboyún tí PCV rẹ̀ jẹ́ 24 tàbí 22 kì í ṣe ohun tójú kò rí rí lọ́dọ̀ wa.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lè máa rìn káàkiri. Ó lè máa gúnyán, ó lè máa lọ oko, kó kàn máa sọ pé ó ń rẹ òun, pé àyà òun ń já. Ọjọ́ ìrọbí ni wàhálà ń dé. Níbi ìbímọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin ń pàdánù lè súnmọ́ ìdajì lítà. Ẹni tí tirẹ̀ pé, á dìde, á wẹ ọmọ. Ẹni tí tirẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti mú òmíràn. Àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó darí ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní WOMAN-2, ní Nàìjíríà, Pakísítánì, Tànsáníà àti Sáńbíà, lórí àwọn aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Nínú ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2023 lórí obìnrin 10,620, bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe lọ sílẹ̀ tó kí wọ́n tó bímọ ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń dà níbi ìbímọ ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn tí hẹmoglóbíìnì wọn kò tó 7, ewu pé kí wọ́n kú tàbí kí ó kù díẹ̀ kí wọ́n kú fi nǹkan bí ìlọ́po méje ju ti àwọn tí tiwọn wà láàárín 7 sí 10 lọ. Ìbàdàn kò jìnnà sí Akinmọ̀ọ́rìn. Àwọn obìnrin wa ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ nù nítorí àtọ̀gbẹ tí oògùn kò fà, kí ni ó fẹ́ kó fi dojú kọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù àtọ̀gbẹ nìkan kọ́ ló ń jẹ́ kí wọ́n pa oògùn náà tì. Oògùn náà kò rọrùn lẹ́nu. Ó ń rùn bí irin, ó ń mú èébì wá fún àwọn mìíràn, ó ń dí wọn nígbẹ̀ẹ́, ó sì ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, èyí tó ń dáyà já ẹni tí wọn kò bá kìlọ̀ fún tẹ́lẹ̀. Bí obìnrin bá sọ èyí fún nọ́ọ̀sì, tí nọ́ọ̀sì bá jágbe mọ́ ọn, kò ní sọ ọ́ mọ́. Á kàn máa gba oògùn, kò ní máa lò ó. Ẹ̀rù àtọ̀gbẹ wá di àwíjàre tó dára fún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí: ìgbẹ́ dúdú kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, irin tí ara kò lò ni. Bí inú bá ń ru, ẹ lò ó lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ díẹ̀. Bó bá le jù, ẹ padà wá, a máa pààrọ̀ irú èyí tí ẹ ń lò tàbí ká dín in kù. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ó wá ku mọ́ọ̀tì àti mílíìkì.

N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ pé mọ́ọ̀tì ń fúnni lẹ́jẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń jẹ́ ká gbà á gbọ́. Ó dúdú, ó ki, ó sì dùn. Bí èèyàn bá wà ní bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, òun ni àwọn tó wá bẹ̀ ẹ́ wò ń gbé wá. Bí ẹnì kan bá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, òun ni wọ́n ń fi lé e lọ́wọ́ kó mu kó tó dìde. A rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ nígbà gbogbo, la bá ní òun ló ń di ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fún ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní mọ́ọ̀tì kí òòyì má bàa kọ́ ọ, nítorí omi àti ṣúgà inú rẹ̀. Kò sí dókítà tó lérò pé ìgò náà máa dá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà.

Ẹ gbé ìgò mọ́ọ̀tì kan kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ẹ máa rí i pé ohun tó ń di ṣúgà nínú ara sábà máa ń tó giráàmù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mílílítà ọgọ́rùn-ún. Ìgò kékeré kan gba 330 mílílítà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ti lé ní giráàmù ọgbọ̀n, ìyẹn ni pé ká bu ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́jọ sínú ife kan. Ẹ wá irin lára ẹ̀yìn ìgò kan náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí i, bí ẹ bá sì rí i, kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílígíráàmù 30 sí 60 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aláboyún máa gbà lójúmọ́. Hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo, ti mílígíráàmù 200 tí wọ́n ń pín ní ilé ìwòsàn, ní irin bíi 65 nínú.

Ti mílíìkì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dára fún eegun, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n irin kò sí nínú mílíìkì tó tó ohun tí à ń sọ, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ sì máa ń dí irin lọ́nà nínú ìfun kí ó má bàa wọnú ẹ̀jẹ̀. Tíì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bá fi mílíìkì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì ti fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ó ti fi ọwọ́ òsì dà á nù. Ó yẹ kí nǹkan bíi wákàtí méjì wà láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn kan tún ń po tòmátò alágolo mọ́ mọ́ọ̀tì, torí pé ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi tí wọ́n ń tà nínú mọ́tò, tó ń dùn bí oyin, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bákan náà kí ẹ tó rà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohun tí à ń ṣe. Obìnrin kan ń bẹ̀rù àtọ̀gbẹ. Nítorí ẹ̀rù yẹn, ó sọ oògùn tí kò gbé ṣúgà sókè nù, ó sì ń mu ṣúgà ṣíbí mẹ́jọ láàárọ̀, mẹ́jọ lálẹ́, ó ń pè é ní ẹ̀jẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń gbé e wálé ní páálí, tìfẹ́tìfẹ́ ni. Ọkùnrin tó lè ra páálí mọ́ọ̀tì fún ìyàwó rẹ̀ ń fi hàn pé òun ń tọ́jú rẹ̀. Bí ṣúgà rẹ̀ bá wá ga, ta ni wọ́n máa dá lẹ́bi? Hóró oògùn tí kò tilẹ̀ lò.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ràbàtà náà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti yí ẹjọ́ po. Nínú oyún, ibi-ọmọ ń tú àwọn èròjà kan jáde tí kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì ìyá ṣiṣẹ́ dáadáa, kí oúnjẹ lè kù fún ọmọ. Ara ọ̀pọ̀ ìyá ń pèsè ínsúlíìnì sí i láti fi borí èyí. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà rẹ̀ ń gòkè, òun là ń pè ní àtọ̀gbẹ oyún. Ẹni tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ ṣáájú oyún, ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì, ẹni tó ti bí ọmọ kílò mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ rí, àwọn ni ó súnmọ́ jù. Ṣúgà ìyá ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ínsúlíìnì ìyá kì í kọjá. Ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ínsúlíìnì tirẹ̀ nínú, ṣúgà tó ń rí gbà á di ọ̀rá sí i lára, èjìká rẹ̀ á fẹ̀. Ọmọ ràbàtà tí èjìká rẹ̀ ń há níbi ìbímọ, iṣẹ́ ṣúgà ni.

Irin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, níbi tí ibà ti pọ̀ bíi tiwa, wọ́n fún aláboyún 470 ní irin mílígíráàmù 60 lójúmọ́ tàbí hóró lásán, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2015. Àwọn tó lo irin bí ọmọ tó fi nǹkan bíi giráàmù 150 wúwo ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹyin adìẹ mẹ́ta nìyẹn. Ọmọ tí ì bá wá sáyé ní kílò méjì àti díẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè fa ọmú, ni irin fi ẹyin mẹ́ta kún. Ìyẹn kọ́ ni yóò gbé ẹnikẹ́ni dé orí tábìlì abẹ. Wọ́n sì tún rí i níbẹ̀ pé irin kò fi ibà kún ibà wọn, ẹ̀rù mìíràn tí wọ́n ń dá bá àwọn obìnrin wa.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé àwọn tó ń pariwo àtọ̀gbẹ oyún kò béèrè rí pé ibo ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún sí ọ̀sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n ni ó yẹ kí wọ́n yẹ aláboyún wò. Kò ní jẹun láti alẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wọn ṣúgà rẹ̀, wọ́n á fún un ní gúlúkóòsì giráàmù 75 nínú omi, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí kan àti wákàtí méjì. Bí ti òwúrọ̀ bá ti tó mílígíráàmù 92 nínú dẹ́sílítà kan, tàbí ti wákàtí kan bá tó 180, tàbí ti wákàtí méjì bá tó 153, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kéékèèké wa, ìtọ̀ nìkan ni wọ́n ń ki ìwé bọ̀. Ìtọ̀ kò tó. Ṣúgà lè hàn nínú ìtọ̀ aláboyún tí kò ní àtọ̀gbẹ, ó sì lè má hàn nínú ti ẹni tó ní in. Ìwádìí ńlá tí wọ́n gbé òǹkà wọ̀nyí lé, èyí tó jáde ní 2008 lórí obìnrin tó lé ní 23,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, kò dé orílẹ̀-èdè kankan nílẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ fún àwọn onímọ̀ tiwa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà níwájú wa báyìí ni ká wọn ṣúgà. Ìlú tí kì í wọn ṣúgà aláboyún kò lè mọ ohun tó ń fà á tàbí ohun tí kò fà á.

Èmi kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn máa gbé irin mì bí ẹní jẹ ẹ̀pà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láti kékeré, irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Oníṣègùn rẹ̀ ni yóò sọ bóyá kó lò ó. Ẹni tí PCV rẹ̀ pé dáadáa kò nídìí tó fi máa lo oògùn hóró ti ìjọba, kó tún fi olómi ti kẹ́míìsì lé e, kó tún lọ gba abẹ́rẹ́ níbòmíràn. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún un wọn bí oyún bá ti ń dàgbà, kí iye oògùn sì bá ohun tí wọ́n rí mu. Bí àwọn tó ń bẹ̀rù irin bá fẹ́ bá mi jà lórí èyí, a ò ní jà, nítorí ọ̀rọ̀ wa ṣọ̀kan. Àmọ́ wọn kì í sọ pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí wọ́n sọ ọ́ nù.

Bí ẹ bá sì ń wá ohun tí ẹ máa jẹ pẹ̀lú oògùn náà, ẹ kò ní jìnnà. Fìdítì ni à ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí wọ́n ti ń to ọsàn sí etí títì. Fítámì C inú ọsàn ń ran irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ láti wọ inú ara. Gbẹ̀gìrì, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja, ọsàn kan tí ẹ jẹ, tí ẹ kò fún omi rẹ̀ mu, gbogbo rẹ̀ kò tó owó páálí mọ́ọ̀tì. Wọn kò gbapò oògùn fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin aláboyún, bí ẹ bá tún lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ béèrè pé mélòó ni PCV yín, ẹ sì béèrè pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa wọn ṣúgà yín. Ẹ má dìde títí wọn yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń gbẹ̀bí ní ilé àdúrà, àwọn obìnrin ń gbọ́ tiyín ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Ẹ bá wa sọ fún wọn pé kí wọ́n lo oògùn náà. Ìjọba ìbílẹ̀ Afìjìó, ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà àti ìwé rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kankan, gúlúkóòsì kò sì gbọdọ̀ wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Akinmọ̀ọ́rìn tí ẹ wà ní Ìbàdàn, ní Èkó àti lókè òkun, tí ẹ máa ń béèrè ohun tí ẹ lè fi ta ilé ìwòsàn ìlú lọ́rẹ, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kí ẹ rà. Ẹ má kó mọ́ọ̀tì wá fún aláboyún mọ́.